Kí Ni Wíńtà Ń Wá ní Adó-Àwáyè?

Bí ẹ bá yà sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta ọ́ìlì ọkọ̀ ní Ìsẹ́yìn, ẹ gbé gálọ̀nù ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dísù kan, kí ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí 15W-40 lára rẹ̀. Kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n. W tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì yẹn, wíńtà ló dúró fún: ìgbà òtútù àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ìgbà tí omi ń dì gbagidi nínú garawa. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì náà ṣe ń ṣàn sí nígbà tí òtútù bá mú. Èyí tó gbẹ̀yìn ń sọ bí ó ṣe ki tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Wíńtà ti wọ Òkè-Ògùn tipẹ́, inú gálọ̀nù ló bá dé. A kò kàn kí i káàbọ̀ ni.

Katakata ló mú mi mọ èyí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń dáko ní Adó-Àwáyè. Ẹ̀yin tí ẹ ti gun Òkè Àdó lọ wo adágún Ìyàkẹ̀ mọ ìlú náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bojú wo ìsàlẹ̀ láti orí òkè yẹn, oko ni yóò rí: àgbàdo, ẹ̀gẹ́, iṣu, kajú, títí dé ibi tí ojú mọ. Lọ́dún tó kọjá, òun àti àgbẹ̀ mẹ́rin mìíràn dáwó ra katakata tuntun. Ẹnì kan ta màlúù. Ẹnì kan ta ilẹ̀ tó fẹ́ fi kọ́lé ní Ìsẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kó owó kajú ọdún méjì lé e. Ní abúlé kan tí kò jìnnà sí wọn, katakata kan wà tí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn rà nígbà kan. Ó ti lo ọyẹ́ mẹ́ta lójú kan náà, koríko ti hù gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àwọn márùn-ún yìí ń gbà kọjá lọ sóko lójoojúmọ́.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà, tí mo sì wà nílé, Bàbá (bí mo ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi nìyẹn) gbé ìwé ìlò katakata náà lé mi lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ látòkèdélẹ̀. Ó ní, "Ìwọ tí ò ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, ọyẹ́ ń bọ̀. Wá fi Yorùbá ka ohun tí wọ́n ní ká ṣe fún wa."

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá níbi gbogbo: "Yorùbá? Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹnì kan sọ ohun tí òun fẹ́ kí n fi ṣe fún mi. Iṣẹ́ náà sì le ju ìdánwò lọ.

Kò sí orí tó sọ̀rọ̀ nípa ọyẹ́ nínú ìwé náà. Èyí tó sún mọ́ ọn jù lọ ni orí tó sọ bí a ṣe ń múra katakata sílẹ̀ de wíńtà. Mo tú àkọlé rẹ̀ sí "ìgbà òtútù," bí ìwé atúmọ̀ èdè ṣe kọ́ mi. Ẹni tó ń wa katakata náà, tí mo ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, tó ti ń wa katakata kiri Òkè-Ògùn kí wọ́n tó bí mi, dá mi dúró níbẹ̀. Ó bi mí pé, "Òtútù wo? Ti òjò ni àbí ti ọyẹ́?"

Mi ò lè dáhùn. Òtútù méjì la ní lóòótọ́. Ti oṣù Agẹmọ tutù, ó sì rin. Aṣọ kì í gbẹ, erùpẹ̀ kì í sọ. Ti oṣù Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́rẹ́ gbẹ háúháú. Ètè ń là, erùpẹ̀ ń sọ, òtútù ń mú láàárọ̀, oòrùn sì ń jó ènìyàn lọ́sàn-án. Ohun tí ọ̀kan ń ṣe fún irin yàtọ̀ sí ohun tí èkejì ń ṣe. Àwọn tó kọ ìwé náà kò mọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ̀kẹta, tí kò dé ọ̀dọ̀ wa rí, ni wọ́n mọ̀.

Ohun tí wọ́n bẹ̀rù jù lọ níbẹ̀ ni kí dísù má dì. Ohun kan wà nínú dísù tó jọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là. Bí òtútù bá mú dé nǹkan bí òdo lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì tàbí kó lọ sísàlẹ̀ sí i, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dì wínníwínní, yóò dí fílítà epo, ẹ́ńjìnnì á sì kú. Àwọn màmá wa mọ irú rẹ̀: epo pupa tó ń ki nínú ìgò lárọ̀ọ́ ọyẹ́, tí a ní láti gbé sí ẹ̀bá iná kó tó dà jáde. Ní àwọn ilẹ̀ òtútù, àwọn elépo ń yí irú dísù tí wọ́n ń tà padà bí wíńtà bá ti ń sún mọ́lé, àwọn àgbẹ̀ mìíràn sì ń fi ohun èlò tó ń lo iná mànàmáná mú ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ọ́wọ́ láti alẹ́ di òwúrọ̀. Ní Adó-Àwáyè, ọyẹ́ tó mú jù lọ kì í sún mọ́ òdo rárá. Bàbá ní kí n ṣí ojú ewé yẹn kọjá.

Bọ̀ọ̀dá ní kí n má ṣí i. Ó ní, "Wọ́n ní kí fílítà má dí, àbí? Ọyẹ́ tiwa náà ń dí fílítà. Erùpẹ̀ ló fi ń dí i."

Gbólóhùn yẹn ló jẹ́ kí n mọ bí a ṣe lè ka ìwé náà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. A kò ní túmọ̀ ohun tí wọ́n ní ká ṣe. A óò kọ́kọ́ bi ara wa pé kí ni wọ́n ń dáàbò bò níbí, a óò wá wò ó bóyá ọ̀tá kan ń bẹ tó ń wá ohun kan náà ní ọ̀dọ̀ tiwa. Báyìí la ṣe tò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Afẹ́fẹ́ ni a fi ṣáájú. Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná bíi ti ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù. Ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí tí afẹ́fẹ́ náà yóò fi gbóná tó láti dáná sun epo. Ẹ́ńjìnnì onílítà mẹ́rin tó ń yí ní ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan ń fa afẹ́fẹ́ tó lé ní lítà 3,000 wọlé láàárín ìṣẹ́jú yẹn. Bí a bá fi jẹ́ríkàn onílítà 25 wọ̀n ọ́n, ó lé ní 120 jẹ́ríkàn, ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ọyẹ́ ń gbé erùpẹ̀ bọ̀ láti Sàhárà, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ láyé àtijọ́. Katakata fúnra rẹ̀ sì ń da erùpẹ̀ sílẹ̀ bí ó bá ń fa tírélà àgbàdo lójú ọ̀nà oko. Bí erùpẹ̀ bá ráyè wọlé, yóò máa ha inú ẹ́ńjìnnì bí ìyarun. Nígbà tó bá yá, afẹ́fẹ́ á máa jò, kò ní lè fún pọ̀ dáadáa mọ́, ẹ́ńjìnnì á máa jẹ ọ́ìlì, á sì máa ṣòro láti jí láàárọ̀.

Fílítà afẹ́fẹ́ ló dúró sẹ́nu ọ̀nà. Méjì ni tiwa: ti òde àti ti inú. Ti òde ṣeé fẹ́, bí a bá fi afẹ́fẹ́ tí kò le jù fẹ́ ẹ láti inú síta. Bí fọkanáísà bá ní òun fẹ́ bá yín fẹ́ ẹ, ẹ ní kó dín agbára ẹ̀rọ rẹ̀ kù, torí pé ihò tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ tó fún erùpẹ̀ láti wọlé. A kì í gbá a mọ́ táyà. Bí a bá sì ń yọ ọ́ láìnídìí, erùpẹ̀ ń ráyè kọjá nígbà tó wà lóde. Àmì kan wà lórí katakata tó ń sọ ìgbà tó bá dí. Ti inú kò ṣeé fẹ́ rárá. Pípààrọ̀ là ń pààrọ̀ rẹ̀.

Orí fílítà yìí ni a ti jà. Mo ti kọ "asẹ́ afẹ́fẹ́," inú mi sì dùn sí i, torí ọ̀rọ̀ tiwa ni. Bọ̀ọ̀dá ní, "Asẹ́ ni ìyá mi fi ń sẹ́ ògì. Bí mo bá lọ sí Ìsẹ́yìn pé mo fẹ́ ra asẹ́, wọ́n á júwe ọjà fún mi." Mo pa á rẹ́, mo kọ fílítà. Lẹ́yìn náà la dé ibi tí ìwé ti sọ nípa omi tó ń ti inú afẹ́fẹ́ wá sára irin táǹkì lóru, mo sì ń wá ọ̀rọ̀ kiri. Ìwé tí mo ní lọ́wọ́ kò ràn mí lọ́wọ́. Mo ṣàlàyé, mo tún ṣàlàyé. Bọ̀ọ̀dá wò mí títí, ó ní, "Ìrì ni. Ìrì ń sẹ̀ nínú táǹkì." Ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré, kò sì sí ọmọdé kan ní Adó-Àwáyè tí kò ní yé. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tuntun fún ohun tí a ti ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ sóko láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìrì yìí gbé wa dé orí dísù. Ìwé ní kí táǹkì máa kún ní alẹ́ nígbà wíńtà, kí ìrì má bàa ráyè sẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, nítorí náà ìrì inú ọyẹ́ kò pọ̀. Ewu tiwa ń bọ̀ lẹ́yìn náà: katakata tí a gbé kalẹ̀ pẹ̀lú táǹkì tí kò kún láti oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí òjò àkọ́kọ́ wá bá a níbẹ̀ ní Ẹrẹ́nà. Èkejì ni jẹ́ríkàn. Dísù tí a rà sílẹ̀ nígbà tówó rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, tí a rọ sínú jẹ́ríkàn tí omi wà ní ìdí rẹ̀, omi náà la ń rọ sínú ẹ́ńjìnnì. Dísù fúyẹ́ ju omi lọ, torí náà ìsàlẹ̀ ni omi máa ń lọ. Bí a bá jẹ́ kí dísù sinmi nínú dúrọ́ọ̀mù fún ọjọ́ kan, tí a kò sì fa èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, a ti yọ nínú ewu púpọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ife tó wà nídìí fílítà epo yóò gbà á. A óò máa tú omi rẹ̀ dànù láàárọ̀ kí a tó tan ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí a dé orí rédíétọ̀, àwọn mẹ́ta nínú àwọn olówó katakata ti jókòó tì wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí omi aláwọ̀ tí wọ́n ní ká rọ síbẹ̀ kí omi má bàa dì. Wọ́n ní, "Omi wo ló ń dì níbí? Ká pọn omi kànga." Ó jọ pé òótọ́ ni. Bí a bá da irú omi yẹn pọ̀ mọ́ omi lásán ní ìlàjì-ìlàjì, kò ní dì títí òtútù yóò fi dé nǹkan bí 37 sísàlẹ̀ òdo, èyí tí kò kàn wá rárá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ síbẹ̀. Omi yìí kan náà kì í tètè hó bí omi lásán, ó sì ní èròjà tí kì í jẹ́ kí irin inú ẹ́ńjìnnì dípẹtà. Omi kànga wa ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú, irú èyí tó ń dì funfun mọ́ inú kẹ́tùlù. Bí ó bá dì báyẹn mọ́ inú rédíétọ̀, ooru kò ní ríbi jáde. Nítorí náà, wíńtà ló mú omi náà wá, oòrùn ọ̀sán Adó-Àwáyè ló nílò rẹ̀. Ara rédíétọ̀ náà ń fẹ́ ìtọ́jú: irùngbọ̀n àgbàdo àti koríko gbígbẹ ń lẹ̀ mọ́ ọn, a sì ní láti fẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn síwájú lójoojúmọ́.

Bátìrì ńkọ́? Ní ilẹ̀ òtútù, òtútù ló ń gba agbára rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ooru ló ń gbẹ omi rẹ̀, tó sì ń jẹ irin inú rẹ̀. Ìtọ́jú méjèèjì bára mu: bí katakata bá fẹ́ sinmi fún oṣù méjì sí mẹ́ta, a óò kọ́kọ́ tú orí tó ní àmì ìyọkúrò, lẹ́yìn náà èkejì, a óò gbé bátìrì sí ibi tó tutù nínú ilé. Bátìrì tó kún yóò fi nǹkan bí 12.6 hàn lára mítà rìwáyà. Bí ó bá ti ń lọ sílẹ̀, a óò gbé e lọ fún un kó bá wa ṣájì rẹ̀.

Ibi tí ìwé parí sí nìyẹn. Ohun tó kù, Bọ̀ọ̀dá ló kà á láti orí. Àkọ́kọ́ ni iná. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọdẹ ń sun igbó, àwọn mìíràn ń sun oko, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ń gbé iná kọjá ibi tí wọ́n dá a dúró sí. Katakata tí a gbé sínú koríko gbígbẹ, a ti gbé e fún iná nìyẹn. Kí a ro àyíká rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi hàn. Èkejì ni eku. Nígbà tí oúnjẹ bá wọ́n lóko, eku ń wá ilé sínú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ó sì ń gé wáyà jẹ. Kí a fi agolo bo ẹnu sàlẹ́ńsà, kí a má sì fi ọkà sí abẹ́ ilé tí katakata wà. Ẹ̀kẹta ni oòrùn lára táyà. Abẹ́ páànù ni kí ó wà; bí kò bá sí, ká fi tàpólì bò ó.

Bí ẹ bá rò pé gbogbo àwọn olówó gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Fílítà òde kan ní ìpamọ́, omi rédíétọ̀, ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀: owó ni gbogbo rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti náwó tán. A ti kọ́kọ́ pààrọ̀ ọ́ìlì ní wákàtí 50, bí ìwé ṣe wí, torí pé irin tuntun máa ń ha ara wọn kí wọ́n tó mọwọ́ ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn wá bínú. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe tuntun ni? Kí ló ń bàjẹ́ lára ohun tuntun?" Bàbá dá a lóhùn pé, "Ohun tuntun là ń tọ́jú. Èyí tó bá ti bàjẹ́, àtúnṣe là ń ṣe é." Mo ka ibi tí gáráǹtì ti sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún wọn: bí ó bá jẹ́ pé irin fúnra rẹ̀ ló ní àléébù, wọn yóò tún un ṣe, bí ó bá jẹ́ erùpẹ̀ tàbí omi tó wọlé nítorí àìtọ́jú, olówó ló ni ín. Ilé pa rọ́rọ́. Ẹni tó ta màlúù ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sápò.

Bí wọ́n bá ka gbólóhùn yẹn ní Gẹ̀ẹ́sì fún wọn nígbà tí wọ́n ń san owó, wọ́n á mi orí, wọ́n á sì fọwọ́ sí i. Mo ń rò ó títí di ìsinsìnyí. Àgbẹ̀ márùn-ún tó lè sọ oṣù tí òjò yóò dá nípa wíwo igi, wọ́n fi ohun ìní wọn ra ẹ̀rọ, gbogbo ohun tó lè pa ẹ̀rọ náà sì wà nínú ìwé lọ́wọ́ wọn, wọn kò lè bá a sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé Yorùbá kò gbà á. Ó gbà á. Ẹni tí yóò jókòó ti ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, tí yóò bi í pé "kí lẹ ń pe èyí?" ni kò tíì dé.

Ohun tí a kọ nìyí. Orí páálí ni mo kọ ọ́ sí, wọ́n sì gbé e kọ́ sára ògiri níbi tí katakata ń sùn:

Láràárọ̀: wo ọ́ìlì. Wo omi rédíétọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Tú omi ìdí fílítà epo.

Nírọ̀lẹ́: fẹ́ ara rédíétọ̀ láti ẹ̀yìn síwájú. Rọ dísù kún táǹkì, kí ìrì má sẹ̀ sínú rẹ̀.

Bí àmì erùpẹ̀ bá hàn: fẹ́ fílítà òde láti inú síta. Má gbá a mọ́ táyà. Má fọwọ́ kan ti inú.

Dísù inú jẹ́ríkàn: jẹ́ kó sinmi di ọjọ́ kejì. Má fa ìsàlẹ̀.

Bí katakata bá fẹ́ sinmi: pààrọ̀ ọ́ìlì. Rọ dísù kún táǹkì. Tú bátìrì, gbé e wọlé. Bo ẹnu sàlẹ́ńsà. Ro ilẹ̀ yí i ká. Má kó ọkà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Kọ wákàtí àti ọjọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì. Tọ́jú rìsíìtì.

Katakata náà fa tírélà ní gbogbo oṣù Ọ̀pẹ, ó sinmi láti ìparí Ṣẹ́rẹ́, ó sì jí ní oṣù Igbe nígbà tí ilẹ̀ rin tó láti túlẹ̀. Fílítà òde tí Bọ̀ọ̀dá yọ ní ìparí ọyẹ́ pupa bí ata gígún. Ti inú mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sílé fún ìsinmi, àti ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti gboyè jáde: jẹnẹrétọ̀ wà nílé yín, ẹ̀rọ ìlọta wà ládùúgbò, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín oògùn sóko wà lẹ́yìn ọ̀kadà ẹnì kan. Ìwé rẹ̀ wà nínú páálí níbì kan. Ẹ jókòó ti ẹni tó ń lò ó, kí ẹ kọ ojú ewé kan péré ní ọ̀rọ̀ tòun, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ síbí. Èyí tí mo kọ yìí, ẹ lè mú un lọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní katakata. Ẹ sáà kọ́kọ́ bi awakọ̀ rẹ̀ bóyá fílítà ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn.